A lọ kí Ava Gardner ní Smithfield, ojú ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wa padà

Ó ku nǹkan bíi máìlì 15 ká dé Smithfield nígbà tí èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti Maryland la ti ń bọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, a sì ti kúrò nílé láti aago márùn-ún ìdájí. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo pé, "Àbúrò, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́! Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá!" Mo yà. A jókòó sórí koríko lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ I-95, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré kọjá, ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé wa débẹ̀, nítorí bí mo bá fi ti mẹkáníìkì ṣáájú, inú á bí mi débi pé n kò ní lè sọ ìyókù. Bàbá wa papò dà lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́ n'Ìbàdàn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í lọ wo sinimá, òṣèré tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni Ava Gardner. Wọ́n máa ń sọ pé bí obìnrin náà bá ti yọjú, àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà nínú gbọ̀ngàn á gbàgbé ẹ̀pà sọ́wọ́. Nígbà tí à ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, a bá àwòrán rẹ̀ nínú Bíbélì wọn, èyí tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn, tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá ibi tí wọ́n sin ín sí lórí fóònù. Hollywood la rò. Kì í ṣe Hollywood rárá! Smithfield ni, ní North Carolina, lẹ́bàá ọ̀nà tí a máa ń gbà lọ kí àwọn ẹbí wa ní Fayetteville. Ọdún mélòó la ti fi ń kọjá lára rẹ̀ tí a kò mọ̀.

Ó dáa, ó kan mẹkáníìkì.

Ọkọ̀ tó wá wọ́ wa gba dọ́là 140. Ìyẹn kò dùn mí, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, wọ́n sì tètè dé. Ṣọ́ọ̀bù tó wọ́ wa lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin ibẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú rédíétọ̀ ló ya. Rọ́bà kan tí kò gùn ju apá mi lọ. Ó ní dọ́là 690. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ló mú un tó bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ etí, ó ní òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n tún un sọ, ó tún ní òun kò gbọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yíjú sí mi bíi pé kí n wá ṣe ògbufọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè yìí fún ọdún 22. Àwọn tó ń ṣàìsàn ń gbọ́ wọn, dókítà ń gbọ́ wọn. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwa náà kò gbọ́ ju ìdajì ohun tí òun ń sọ lọ. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará agbègbè yẹn ń fà bí ọbẹ̀ ilá, wọ́n sì máa ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì. Ṣùgbọ́n a fara balẹ̀, a ń fetí sí i. Òun kò fetí sí wa.

Mo pe ẹni tó máa ń bá wa tún ọkọ̀ ṣe ní Maryland, ọmọ Ìjẹ̀bú, mo sì fi àwòrán rọ́bà náà ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, wọ́n ti jà yín lólè. Rọ́bà yẹn kò ju dọ́là 40 lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ." Ó ti pẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ síwèé. A san án. Wákàtí mẹ́ta la lò lórí àga oníke nínú yàrá tó ń rùn bí epo. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà yẹn, ẹ bá mi wo àwọn rọ́bà inú ọkọ̀ yín kí ẹ tó gbéra. Ẹ gbé omi dání. Ẹ má sì fọwọ́ síwèé kankan láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀ tó sì fẹ́ràn yín.

Nígbà tí a máa fi wọ ìlú, n kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù sì tún wà lára mi. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti sọ fún wọn pé títí di ọdún 1977, pátákó ńlá kan tí àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, gbé sójú ọ̀nà ló máa ń kí àlejò káàbọ̀ sí Smithfield. Pátákó náà ti lọ tipẹ́, síbẹ̀ ojú mi kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ pẹ̀tù sí wa nínú. A yà sí ilé oúnjẹ kékeré kan, a rí "yam" nínú ìwé oúnjẹ, ojú ẹ̀gbọ́n mi tàn. Nígbà tó dé, ànàmọ́ pupa ni, tí wọ́n fi ṣúgà àti bọ́tà sè! North Carolina ló ń gbin ànàmọ́ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, yam ni wọ́n sì ń pè é. Smithfield tilẹ̀ máa ń ṣe àjọ̀dún fún un lọ́dọọdún pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. "Ànàmọ́ lèyí. Iṣu ni mo ní kí wọ́n gbé wá." Ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi ọtí kíkan àti ata sí, dùn, ó dùn gan-an. Nǹkan kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo dín, bí àkàrà kékeré, mo jẹ mẹ́jọ. Àwa méjèèjì kò ná tó dọ́là 30. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa ń sọ irú Gẹ̀ẹ́sì tó ń fà bí ilá yẹn kan náà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ̀rọ̀, ó máa dúró, ó máa wo ojú wọn títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán.

Mùsíọ́mù Ava Gardner wà ní East Market Street, láàárín ìlú. Owó ìwọlé kéré lójú mi, mo sì rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ jù ú lọ fíìfíì: àwọn aṣọ, ohun ọ̀ṣọ́, pátákó fíìmù láti oríṣiríṣi ilẹ̀, àti àwọn àwòrán rẹ̀ tí Bert Pfeiffer, ayàwòrán ará Netherlands, fi ọwọ́ yà. Ọmọdékùnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Tom Banks jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí Ava ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú Wilson. Ó máa ń yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin lẹ́nu, ni Ava bá lé e mú, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tó wá rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun gbogbo tó jẹ mọ́ ọn jọ, kò sì dáwọ́ dúró títí tó fi kú ní 1989. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ẹrù náà ta ìlú Smithfield lọ́rẹ. Obìnrin yẹn jàjà gbádùn ọkọ rẹ̀ bí?

Ọmọ àgbẹ̀ tábà ni Ava. Wọ́n bí i ní December 24, 1922, ní Grabtown, abúlé kan nítòsí ibẹ̀, òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Oko bọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ìyá rẹ̀ di ẹni tó ń dáná fún àwọn olùkọ́ iléèwé Brogden. Bàbá rẹ̀ kú ní 1938.

Ibi tí èmi ti dúró pẹ́ ni ìtàn Bappie. Ẹ̀gbọ́n Ava ni, ó fi ọdún 19 jù ú lọ, New York ló ń gbé. Ọkọ Bappie, Larry Tarr, jẹ́ ayafọ́tò. Ó ya àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó gbé fọ́tò náà sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní Fifth Avenue, òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ Loews, tó ni ilé iṣẹ́ fíìmù MGM, ń kọjá, ó sì rí i. Báyìí ni MGM ṣe gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ya Ava wò ní New York, ṣùgbọ́n ohùn ará oko rẹ̀ ki débi pé wọ́n yọ ohùn kúrò nínú fíìmù náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí California! Àwòrán lásán ni wọ́n fi gbà á ní 1941, ọmọ ọdún 18, àdéhùn ọdún méje, dọ́là 50 lọ́sẹ̀. Wọ́n wá gba olùkọ́ fún un tí yóò bá wọn pa ohùn ilé rẹ̀ rẹ́. Bappie bá a lọ sí California.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa. Àwọn ló kọ́kọ́ wá sí Amẹ́ríkà, àwọn ló ránṣẹ́ pè mí, yàrá wọn ni mo fi orí pamọ́ sí fún ọdún méjì. Mo di ọwọ́ wọn mú níbẹ̀, n kò lè sọ nǹkan kan.

Ọdún márùn-ún ni MGM fi ń gbé Ava sí ẹ̀yìn àwọn òṣèré mìíràn, kí fíìmù The Killers tó gbé e jáde ní 1946. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ mẹ́ta, Mickey Rooney, Artie Shaw àti Frank Sinatra, ti sú mi láti kà. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í yé sọ ọ́. Èyí tó yẹ kí wọ́n máa sọ ni ti fíìmù Show Boat, ní 1951. Julie tó ṣe níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára rẹ̀. Lena Horne, aláwọ̀ dúdú, akọrin tó dáńtọ́, fẹ́ ipa náà. Ó ti kọ orin Julie nínú fíìmù MGM mìíràn ní 1946. Wọn kò fún un. Wọ́n fún Ava, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí òun náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orin. MGM tún yọ ohùn rẹ̀, wọ́n fi ti Annette Warren rọ́pò. Inú rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tà nìkan ni ohùn Ava ṣẹ́ kù sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ohùn kan náà ni wọ́n ní àwọn kò gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Mo rántí ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn, inú tún bí mi.

Fíìmù tí bàbá wa wò ni Mogambo, tí wọ́n lọ yà ní Kenya àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká. Òun nìkan ló mú orúkọ Ava wọ inú àwọn tí wọ́n yàn fún Oscar. Ní 1955 ó kó lọ sí Spain, ní 1968 ó kó lọ sí London. Mearene Jordan, aláwọ̀ dúdú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, di ọ̀rẹ́ tí kò fi í sílẹ̀. London ló kú sí ní January 25, 1990, ọmọ ọdún 67, wọ́n sì gbé e padà wá sílé.

Sunset Memorial Park, ibi tí wọ́n sin ín sí, kò jìnnà sí àárín ìlú. Ẹ̀gbẹ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ ló sùn sí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n mú àwòrán inú Bíbélì yẹn jáde, wọ́n jẹ́ kó rí i, wọ́n tún dá a padà sínú báàgì. Wọ́n ní, "Bàbá wa ní ká kí ọ o. Wọ́n ní o kú iṣẹ́." Ohùn wọn lọ sókè dáadáa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nílé.

Aago mọ́kànlá alẹ́ la wọlé. Lọ́jọ́ kejì, bọ̀ọ̀dá wa ọmọ Ìjẹ̀bú ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní irin tó di rọ́bà tuntun náà mú kò fún rárá, Ọlọ́run ló ṣọ́ wa dé Maryland. Mo ti kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo fi rìsíìtì tì í. Bí wọ́n bá dá kọ́bọ̀ padà, ẹ óò gbọ́.