Omi Tí Ì Bá Gbé Mi Lọ

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ẹ tún bá mi gbé E ga lẹ́ẹ̀kejì, torí ó ti yẹ kí wọ́n máa fi "olóògbé" ṣáájú orúkọ mi báyìí.

Omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu, ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Èmi ò bá omi ṣọ̀tá o. Ọ̀rẹ́ àṣejù ni mo bá a ṣe. Mo mu ún, mo mu ún, títí omi fi fẹ́ mu èmi náà.

Àwa mẹ́rin la jọ ń múra fún triathlon, oríṣi tó gùn gan-an: ká lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 3.8, ká gun kẹ̀kẹ́ fún 180, ká tún wá sáré fún 42.2, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju wákàtí 17 lọ. Bọ̀dá Àgbà ti parí irú ìdíje yìí lẹ́ẹ̀mejì kí àwa tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá Ìbejì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Kékeré ní tiẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ ló ń gbé. Èmi ò ní ọ̀kan tí mo fi ta wọ́n yọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa ara mi ni pé bí wọ́n bá ní kí n ṣe nǹkan, mo máa ń ṣe é kọjá bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é. Ẹ máa rántí èyí.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi kò yéé béèrè pé kí ló dé tí àgbàlagbà ń fìyà jẹ ara rẹ̀. Mi ò rí èsì fún wọn nígbà yẹn, mi ò sì rí i títí di òní. Mo kàn mọ̀ pé bí aago márùn-ún ìdájí bá lù, àwọn mẹ́ta kan ń dúró dè mí lẹ́bàá adágún omi, ojú á sì tì mí bí mi ò bá yọjú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọnú adágún yẹn, mo rò pé òpin dé. Nínú omi ìwẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, èèyàn ń rí ilẹ̀, ó ń rí ìlà tó máa tẹ̀ lé. Nínú adágún, òkùnkùn ni gbogbo ìsàlẹ̀. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já, mi ò rí èémí mí. Ìyá Ìbejì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò fọwọ́ kàn mí, ó kàn ní, "Yíjú sókè, dùbúlẹ̀ sórí omi, máa wo òfuurufú. Kò síbi tí à ń sáré lọ." Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ojú nìkan yọ lórí omi bí ọ̀nì, kí n lè rí ibi tí mò ń lọ láì dá ọwọ́ dúró.

Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, a ò ní sinmi, eré ló kàn. Kìlómítà méjì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ tí mo fi ń sáré kì í jọ tèmi, ó dà bí èyí tí mo yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí mo sì fẹ́ dá padà kíákíá.

Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Àgbà ti máa ń pìtàn. Wọ́n ní lọ́dún 1978, ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, èèyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí nígbà àkọ́kọ́, tí 12 sì parí. Gordon Haller ló gbégbá orókè, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46 ló fi ṣe é. Ẹni tó ṣe ìkejì, John Dunbar, omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e, bíà ni wọ́n gbé fún un nígbà tó ń sáré. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ èyí là ń rẹ́rìn-ín. Èmi ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé omi ò ní tán lọ́wọ́ tèmi láéláé.

Nǹkan mìíràn tún wà tí a fi ń fi Bọ̀dá Àgbà ṣe yẹ̀yẹ́: òṣùwọ̀n wọn. Òṣùwọ̀n kékeré kan tí èèyàn ń dúró lé lórí wà nínú búùtù ọkọ̀ wọn, pẹ̀lú ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó gùn ún. Bí a bá parí, a ó tún gùn ún. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bí akọ̀wé ilé ẹjọ́. Kékeré máa ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ tà wá ni.

Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí ìdíje pé nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ mi fà lórí kẹ̀kẹ́, ó fà débi pé mo ṣubú sínú koríko. Ẹnì kan tí kì í ṣe ara wa, tó ń kọjá lọ, ní, "Omi ni o ò mu tó. Má dúró kí òǹgbẹ tó gbẹ ọ́." Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni rí ìwé ìhágún. Mo ṣètò aago ọwọ́ mi kó máa dún ní ìṣẹ́jú 15, 15. Bó bá ti dún, mo mu, yálà ó wù mí tàbí kò wù mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà la jáde fún ìrìn àjò ńlá: kìlómítà 150 lórí kẹ̀kẹ́, kí a sì sáré 12 lé e. Ìbàdí ń dun Bọ̀dá Àgbà, nítorí náà wọ́n wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wa. Orókún ń yọ èmi náà lẹ́nu, mo sì lo oògùn ìrora méjì láàárọ̀. (Oògùn yẹn wà lára ohun tó dá kún un. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn.) Kìlógíráàmù 74 ni mo jẹ́ lórí òṣùwọ̀n. Ojú ọjọ́ tutù, ìkùukùu bo oòrùn, òógùn díẹ̀ ló jáde lára wa. Síbẹ̀ aago ń dún, mo ń mu. Ike omi mejìlá ni mo mu tán láàárín wákàtí mẹ́jọ, inú mi sì ń dùn sí ara mi.

Níbi tí eré ku kìlómítà mẹ́ta ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Inú ń rú mi. Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀, mo bì, mo sì jókòó sílẹ̀. Gbogbo wa la rò pé òǹgbẹ ni. Kékeré sáré gbé omi wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu ún, ẹ mu ún." Mo na ọwọ́.

Ibi tí Olúwa ti dá sí ọ̀rọ̀ mi rèé. Bọ̀dá Àgbà ní, "Ẹ má tíì fún un. Ẹ gbé e gun òṣùwọ̀n ná."

Kékeré bínú. Ó ní èèyàn ń kú lọ, ẹ ń sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n! Wọ́n fi apá gbé mi lé e. 76.6. Bọ̀dá Àgbà tún un wò. Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀, tó tún sáré, tó wá fi kílò méjì àti ààbọ̀ sanra sí i? Ìyá Ìbejì di ọwọ́ mi mú, ó rí i pé okùn aago ti rì wọnú ẹran ara mi, òrùka mi kò sì yí mọ́. Ó já omi gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mo bú u. Wọ́n ní mo tún bi í pé ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, orúkọ àbúrò mi obìnrin ni mo sì fi pè é. Mi ò rántí ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, ẹni tó kọ́kọ́ rí wa ti fẹ́ fa omi sí mi lára, nítorí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀pọ̀ eléré tó bá dákú nìyẹn. Mi ò bá a jà, ohun tí ojú ẹ̀ máa ń rí lójoojúmọ́ ló fẹ́ ṣe. Bọ̀dá Àgbà ṣí ìwé elétí kíká yẹn, wọ́n fi 74 àti 76.6 hàn án, wọ́n ní, "Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò." Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí gìrì mú mi.

Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn máa ń wà láàárín 135 sí 145. Tèmi jẹ́ 119.

Omi iyọ̀ líle ni wọ́n fi gbà mí là, èyí tí iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n fún mi ní mílílítà 100, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Mo lajú ní òru, mo rí Ìyá Ìbejì lórí àga, bàtà eré ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Èèyàn burúkú, o bú mi."

Dókítà obìnrin kan wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kejì, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé mi. Bí ara bá ń ṣe wàhálà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó máa ń sọ fún kíndìnrín pé kó má tu omi sílẹ̀. Omi tí mò ń rọ́ wọlé kò rí ọ̀nà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń wọ inú ẹran ara, gbogbo rẹ̀ ń wú. Ìka lè wú, kò burú. Ọpọlọ ni kò ráyè wú, agbárí kì í fẹ̀ sí i. Ó ní lọ́dún 1985 ni Tim Noakes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa kọ̀wé nípa àwọn eléré ọ̀nà jíjìn mélòó kan tí irú ẹ̀ ṣe. Ó ní nínú àwọn 488 tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò níbi eré ọ̀nà jíjìn (marathon) ìlú Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ wọn ti lọ sílẹ̀, àwọn tó sanra sí i lójú ọ̀nà àti àwọn tí eré wọn ò yá ló sì pọ̀ nínú wọn. Mo ní, "Dókítà, èmi lẹ ń ṣàpèjúwe yẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa mu omi nígbà tí òǹgbẹ bá gbẹ mí.

Mi ò lọ síbi ìdíje ọdún yẹn. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mò ń na ike omi sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo na ti Kékeré sí i, ó pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó di omi mú!" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló ń wò wá.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tún bá mi múra láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bọ̀dá Àgbà àti Ìyá Ìbejì kò forúkọ sílẹ̀ fún ara wọn mọ́. Mo pa aago tó ń dún. Nínú omi, ẹnì kan fi ẹsẹ̀ gbá mi lójú, mo dùbúlẹ̀ sórí omi, mo wo òfuurufú, mo ń bá a lọ. Kẹ̀kẹ́ gùn. Eré burú, láti kìlómítà 30 síwájú ó burú jáì, mi ò ní pọ́n ọn fún yín. Mo parí rẹ̀ ní wákàtí 15 àti ìṣẹ́jú 42.

Ọmọbìnrin kan fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn, ó sì ki ike omi bọ̀ mí lọ́wọ́. Kí n tó ṣí i, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn pé, "Má tíì mu ún." Bọ̀dá Àgbà ti gbé òṣùwọ̀n sórí koríko. Ìyá Ìbejì di apá òsì mi mú, Kékeré di ọ̀tún, mo gùn ún.

Kílò 75 ní ìdájí. 73.4 báyìí.

"Òǹgbẹ ń gbẹ ọ́?" Bọ̀dá Àgbà ló béèrè, wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Mo ní ó ń gbẹ mí, sà. Wọ́n ní, "Ó yá, mu."