Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí títo kẹ̀kẹ́ obìnrin àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ohun tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ló yẹ ká ra fírẹ́mù?" Fírẹ́mù kọ́ ló ń jẹ owó. Kẹ̀kẹ́ obìnrin ti àwọn ọdún 1970 àti 1980, Raleigh, Peugeot tàbí Puch, kì í wọ́n lórí eBay tàbí Gumtree, torí àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ kì í sábà wá a. Ohun tó ń jẹ owó ni nǹkan kéékèèké tí kò bá fírẹ́mù mu: síkúrù tí kò wọlé, bíréèkì tí kò kan ríìmù, ọ̀pá ìjókòó tó fi bíńtín kéré. Ẹ ra irú rẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin láìwọ̀n ọ́n, kí ẹ wo bí owó ṣe máa lọ. Èmi ò lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí kálípà àti rúlà lápò.

Mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fojú kéré rẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń wá a: ìyá tó ró ìró lọ sọ́jà ní Peckham, nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ alẹ́, ẹni tí orúnkún ń dùn, ìyá ọlọ́mọ tó gbé ọmọ jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó gbé ọmọ sẹ́yìn, báwo ló ṣe fẹ́ ju ẹsẹ̀ gba orí ọmọ kọjá? Kẹ̀kẹ́ tí wọn kò fi irin dábùú ni tirẹ̀. Bó bá tún jẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún eré sísá lójú títì, tó fúyẹ́, tó ní jíà, á gbé e gun òkè Crystal Palace láìjẹ́ pé ó sọ̀ kalẹ̀ tì í.

Oríṣi rẹ̀ tí mo máa ń sọ fún yín pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní mixte. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ hándù, tí wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìjókòó kọjá, tí wọ́n á lọ tààrà dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn (wíìlì) so mọ́. Irin méjì yẹn ló ń mú kí fírẹ́mù le. Èyí tí irin rẹ̀ kan ṣoṣo rọ̀ sílẹ̀, tó dúró lára ọ̀pá ìjókòó, máa ń mì díẹ̀ bí ẹrù bá wúwo, pàápàá bó bá ga. Kò burú fún ọjà títí ilé, ṣùgbọ́n mixte ni mo máa yàn fún ọ̀nà jíjìn.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé. Nọ́ńbà fírẹ́mù sábà máa ń wà lábẹ́ bottom bracket, níbi tí irin tó gbé kíránkì (apá irin tí pẹ́dàlì wọ̀) ti gba inú fírẹ́mù kọjá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí BikeRegister, ìkànnì tí wọ́n ń forúkọ kẹ̀kẹ́ sí, kí ẹ má lọ fi owó yín ra ohun tí wọ́n jí.

Lẹ́yìn náà, ọ̀pá ìjókòó. Mo máa ń tú bóòtù rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, màá di ìjókòó mú ṣinṣin, màá yí i sọ́tùn-ún sósì. Bó bá yí, bó tilẹ̀ ń han, ó dáa. Bí kò bá yí rárá, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ já wálẹ̀, tàbí kí n fi í sílẹ̀. Ọ̀pá àlùmíníọ̀mù tó ti wà nínú fírẹ́mù irin fún ogún ọdún, tí òjò ń rọ̀ sí, tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń wọ̀ ọ́, máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni pé wọ́n jó wọn pọ̀ ni. Bí ẹ bá ti rà á ná, ẹ tú bottom bracket, ẹ dorí fírẹ́mù kodò, ẹ kán òróró tó ń tú ìpẹtà láti ìsàlẹ̀ kó ṣàn lọ bá ọ̀pá náà, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tún kán òmíràn. Ẹ wá fi fáìsì gbá orí ọ̀pá náà mú, kí ẹ máa fi fírẹ́mù fúnra rẹ̀ yí i. Níbi tí mixte ti yàtọ̀ nìyí: ẹ má ṣe di irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì yẹn mú láti fi yí i, wọ́n á tẹ̀. Ibi hándù àti ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn so mọ́ ni kí ẹ dì mú. Àwọn kan máa ń da kọ́síìkì sínú rẹ̀ láti fi jẹ àlùmíníọ̀mù. Mi ò gbà kí ọmọṣẹ́ kankan dán an wò lọ́dọ̀ mi, ojú ẹni ò ṣeé rà lọ́jà.

Ìwọ̀n ọ̀pá náà sábà máa ń wà lára rẹ̀, bíi 27.2 tàbí 26.4. 0.2 mm ló wà láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì. Èyí tó bá fi 0.2 kéré á máa yọ̀ wọlé bí èèyàn ṣe ń gun kẹ̀kẹ́.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa lórí ọ̀rọ̀ tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín síkúrù, torí ibẹ̀ ni owó ń gbà lọ jù. Bottom bracket ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1.37 íǹṣì, eyín 24 nínú íǹṣì kan, kọ́ọ̀bù (ife irin tí bẹ́rìn jókòó sí) apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń yí lódìkejì: bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni ẹ máa yí i kó tó tú. Ti Faransé jẹ́ 35 mm, apá méjèèjì ló sì ń tú sósì bíi síkúrù lásán. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á fi páìpù gùn sípánà rẹ̀ lórí Peugeot àtijọ́, á máa fún un le síi, á rò pé òun ń tú u ni. Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham tún ní tirẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ eyín 26, tí ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà fún eyín 24 kò ní wọ̀. Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ má ra òmíràn. Ẹ tú èyí tó wà ńbẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ wo ojú kọ́ọ̀bù àti irin àárín bóyá ó ti jẹ ihò. Bó bá ṣì ń dán, ẹ fi bẹ́rìn tuntun 1/4 íǹṣì sí i, mọ́kànlá lápá kan, mọ́kànlá lápá kejì, pẹ̀lú gírísì tó pọ̀. Owó péréte ni, á sì tún yí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹsẹ̀ tí a ń tẹ̀, ìyẹn pẹ́dàlì, náà ní tirẹ̀. Ẹ wo ẹnu irin rẹ̀: bí ẹ bá rí D àti G, ti Faransé ni, D fún ọ̀tún, G fún òsì. Ti Faransé jẹ́ 14 mm, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 9/16 íǹṣì, tó fi díẹ̀ ju 14 mm lọ. Ẹ má fi ipá wọ ọ̀kan sínú èkejì, ẹ máa ba kíránkì jẹ́. Irin hándù tó ń wọ fókù náà rí bẹ́ẹ̀: ti Faransé jẹ́ 22.0 mm, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 22.2 mm. Tẹ́ ẹ bá ra Peugeot, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ẹni tó ń tà á kó gbogbo ohun ara rẹ̀ fún yín, kódà èyí tó ti dípẹtà.

Ó ku ẹsẹ̀ tó ń yí, ìyẹn wíìlì. Kẹ̀kẹ́ eré ìgbà yẹn sábà máa ń gbé táyà 27 x 1 1/4. Ríìmù rẹ̀ jẹ́ 630 mm, èyí tí wọ́n ń lò báyìí, 700C, jẹ́ 622 mm. Nítorí náà, bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ojú ríìmù á fi 4 mm jìnnà sí bíréèkì. Nígbà mìíràn, bíréèkì ní ààyè láti sún páàdì wálẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ máa ra bíréèkì tí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Lára mixte, ẹ wọn ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí bíréèkì ẹ̀yìn lè wà lára àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, níbi tí jíjìnnà rẹ̀ sí ríìmù kò bá ti iwájú dọ́gba. Bí ríìmù bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù tó ṣì tọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Schwalbe àti Continental ṣì ń ṣe táyà 27. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ríìmù irin tí wọ́n fi kúrómù bò, ẹ yọ ọ́ dànù. Bí òjò bá rọ̀, bíréèkì lórí irú ríìmù yẹn kì í mú, mi ò sì ní fi ìyá ọlọ́mọ kankan sórí rẹ̀.

Ẹ tún wọn àlàfo tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ 120 tàbí 126 mm, ti òde òní fún kẹ̀kẹ́ eré tó ń lo bíréèkì orí ríìmù jẹ́ 130. Fírẹ́mù irin ṣeé fẹ̀, a máa ń ṣe é fún kẹ̀kẹ́ ọkùnrin. Mixte ni kí ẹ ṣọ́ra fún: orí irin mẹ́fà ló pàdé níbẹ̀ dípò mẹ́rin, wọn kì í sì í fẹ̀ dọ́gba. Fríwíìlì (eyín jíà ẹ̀yìn) oní jíà márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wà lára ẹsẹ̀ ìgbà yẹn ti tó fún Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tí mo máa ń sá fún ni Helicomatic tí Maillard ṣe, àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí eyín jíà ń yí wọ̀, tó wà lára ọ̀pọ̀ Peugeot àwọn ọdún 1980. Irinṣẹ́ rẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́, bẹ́rìn inú rẹ̀ sì kéré jù.

Ohun tí mi ò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ ṣún owó lórí rẹ̀ ni táyà, páàdì, wáyà bíréèkì àti ṣéènì. Tuntun ni gbogbo rẹ̀. Ìyókù, ẹ wá òkú kẹ̀kẹ́ kan tí fírẹ́mù rẹ̀ ti ṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ àti kíránkì rẹ̀ yè, irú tiyín gan-an. Ó máa ń dín owó kù ju kéèyàn máa ra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Ọ̀dà kíkùn, ẹ fi sílẹ̀, ẹ nù ún kí ẹ fi wáàsì pa á. Ẹ má sì san owó lé e nítorí sítíkà Reynolds 531: irin náà dáa lóòótọ́, ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Birmingham, ṣùgbọ́n kò níí mú kí bíréèkì mú.

Bí kíránkì bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi kọ́tà (irin kékeré tó ń dè é mọ́ irin àárín) dè, ẹ má ṣe fi òòlù lu kọ́tà nígbà tí kẹ̀kẹ́ rọ̀ sórí ìdúró. Ẹ fi igi líle tàbí páìpù gbe kíránkì láti ilẹ̀, kí agbára òòlù má baà lọ sínú bẹ́rìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Kọ́tà tuntun máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gùn ún. Nítorí náà, kí ẹ tó fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́, ẹ gùn ún fúnra yín yí àdúgbò ká, ẹ tún un lù, ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ fún wáyà bíréèkì tó ti nà, kí ẹ sì sọ fún un pé kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tún un fún lọ́fẹ̀ẹ́.