Ẹ Má Fi Líle Ọwọ́ Bíréèkì Mọ Bó Ṣe Dáa Tó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tún kẹ̀kẹ́ réèsì àtijọ́ ṣe bíi tèmi, ọ̀rọ̀ ọwọ́ bíréèkì ni mo bá wá o, torí mo ti rí i pé ibẹ̀ làwọn èèyàn kì í ti í fara balẹ̀. Wọ́n á yọ hándù tó ká bí ìwo àgbò kúrò, wọ́n á fi hándù gbọọrọ sí i torí pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú, kò sóhun tó burú ńbẹ̀, èmi náà ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bíréèkì ti tẹ́lẹ̀ ò ní bá hándù tuntun yẹn mu, hándù tó nípọn tó mìlímítà 23.8 ni wọ́n ṣe é fún, hándù gbọọrọ sì jẹ́ 22.2 níbi tá a ti ń di ọwọ́ bíréèkì mọ́ ọn, ló bá di pé kéèyàn wá òmíì, èyí tó sì máa ń yá lọ́wọ́ jù ni èyí tí wọ́n tú lára mountain bike, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè.

Ẹ̀gbọ́n mi kan gbé irú ẹ̀ wá bá mi. Inú wọn ń dùn, wọ́n ní, "Fà á wò, wo bó ṣe le." Mo fà á, lóòótọ́ ó le, kò tíì sún jìnnà tó fi dúró gbagidi. Ẹni tí ò mọ̀ á ní bíréèkì gidi rèé. Mo wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, mo fi ìka méjì fa ti iwájú, mo sì ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Tí bíréèkì iwájú bá dáa, ṣe ló yẹ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbéra nílẹ̀, àmọ́ tiwọn ń yí lọ ni, rọ́bà bíréèkì ń ha rímù, kẹ̀kẹ́ ń lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní gun kẹ̀kẹ́ yìí lọ sílé lónìí o."

Ohun tó fà á rèé. Gbogbo ọwọ́ bíréèkì ló ní ìwọ̀n wáyà tó ń fà téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ dé hándù, gbogbo bíréèkì náà ló sì ní ìwọ̀n wáyà tó ń fẹ́. Caliper, ìyẹn bíréèkì tó wà lórí táyà kẹ̀kẹ́ réèsì àtijọ́, yálà ẹ̀gbẹ́ ni wáyà ti ń fà á tàbí àárín, wáyà díẹ̀ ló ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí wáyà yẹn fà á tagbáratagbára. Cantilever, bíréèkì alápá kúkúrú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lọ́tùn-ún lósì, òun náà bẹ́ẹ̀. V-brake, bíréèkì alápá méjì tí ilé iṣẹ́ Shimano gbé jáde ní 1996, ló yàtọ̀, apá ẹ̀ gùn, gígùn yẹn fúnra ẹ̀ ló ń fi kún agbára, torí náà wáyà púpọ̀ ló ń fẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti caliper, ọwọ́ tí wọ́n ṣe fún un sì ń fa wáyà púpọ̀ pẹ̀lú agbára díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi ọwọ́ V-brake fa caliper, kíá ni rọ́bà á ti kan rímù, ìyẹn ló ń jẹ́ kó le, àmọ́ agbára tó dé ìdí rọ́bà ò ju bí ìdajì lọ, ìka yín ló máa ṣe ìyókù.

Ẹ yí i padà, ọwọ́ caliper sórí V-brake, òun ló máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tó máa fẹ́ kan hándù. Àwọn kan á sún rọ́bà mọ́ rímù tímọ́tímọ́ kó lè ṣiṣẹ́, ó sì máa ṣiṣẹ́ o, títí rọ́bà á fi jẹ díẹ̀ tàbí rímù á wọ́ díẹ̀. Méjèèjì léwu, àmọ́ èyí tó le yẹn lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí jù, torí pé èyí tó rọ̀ á kìlọ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ọwọ́ bíréèkì yẹn látinú. Ẹ wo bóòtù tó fi ń yí, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí orí wáyà ń wọ̀ sí. Tí àárín méjèèjì bá jìn, wáyà púpọ̀ ló ń fà, V-brake ló ni ín. Tó bá sún mọ́ra, ti caliper àti cantilever ni. Ẹ gbé méjì síra, ẹ máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀ lójú kòrókòró. Òmíì tiẹ̀ wà tó ṣe é sún síwá sẹ́yìn, ẹ sún un sí ìdí bóòtù tó bá jẹ́ caliper lẹ ní.

Ẹni tó bá fẹ́ lo V-brake pẹ̀lú hándù tó ká, ọwọ́ bíréèkì kan tó ń jẹ́ Tektro RL520 wà, wọ́n dìídì ṣe é fún ìyẹn. Rólà kékeré kan náà wà tí wọ́n ń pè ní Travel Agent tó ń sọ wáyà díẹ̀ di púpọ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ, wáyà ń tẹ̀ jù níbẹ̀, ẹ kúkú pààrọ̀ ọwọ́. Bíréèkì díìsìkì tó ń lo wáyà náà ò yọ sílẹ̀, irú bí èyí tó ń jẹ́ BB7, ó ní ti réèsì, ó ní ti mountain bike, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Wáyà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Orí wáyà ti réèsì kéré, ti mountain bike rí roboto bí àgbá kékeré, ẹ má fi fáìlì ha èyí tó tóbi kó lè wọ̀ o, ẹ ra èyí tó bá a mu. Rọ́bà tí wáyà ń gba inú ẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ti gíà. Ẹ wo ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e: ti gíà, ẹ máa rí orí wáyà tín-ín-tìn-ìn-tín tò yípo, òró ni wọ́n wà, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì gbàgà wọ́n lè bẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti bíréèkì, wáyà pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n lọ́ yípo.

Ọwọ́ caliper la pàpà fi sí ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n ní ṣé kò tíì bà jẹ́ báyìí? Mo ní kí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ síwájú kí wọ́n fi ìka méjì péré fa ti iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì gbéra. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tiyín tán, ẹ fà á gidigidi léraléra kí wáyà tuntun lè jókòó, ẹ tún un fà le, kẹ́ ẹ wá dán an wò lójú ilẹ̀ tó tẹ́jú kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.