Níbo ni wọ́n ti gé eegun rírọ̀ náà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí Alágbàká níbí, l'Ákùúrẹ́, tẹ́ ẹ ń bá àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ bílì, ẹ ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ imú tán kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù kankan, ìyẹn nọ́ńbà tó dúró fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí bílì. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ibi tí dókítà ti gé eegun rírọ̀ tó fi tún imú ṣe.

Bó bá jẹ́ etí ni, 21235. Bó bá jẹ́ eegun ìhà, 21230. Iṣẹ́ gígé eegun ti wà nínú méjèèjì, ẹ má kọ bílì ojú ọgbẹ́ etí lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ògiri àárín imú, 20912 ni, ibẹ̀ ni wàhálà sì wà. Bí dókítà bá tún ògiri yẹn ṣe nínú iṣẹ́ abẹ kan náà, 30520 lẹ máa kọ, àlàyé 30520 fúnra rẹ̀ sì ti kan fífi eegun mìíràn dí àlàfo. Ẹ bá wá fi 20912 tì í, adójútòfò á yọ ọ́. Ẹ má fi mọ́dífáyà 59, àfikún nọ́ńbà tó ń sọ pé iṣẹ́ méjì dá dúró lọ́tọ̀, tipá wọlé: ojú kan náà ni dókítà là. Bí adójútòfò bá padà yẹ ìwé wò, á gba owó rẹ̀ padà.

30465 ni ti ọ̀nà èémí tó há, tí dókítà fi eegun tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ̀ ẹ́. Ihò imú méjèèjì ló kà, nítorí náà kò gba mọ́dífáyà 50, ti iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, mọ́dífáyà 52 ni, ti iṣẹ́ tí a dín kù. Gígé eegun kò sí nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí 21235 fi lè bá a rìn. Àmọ́ bó bá jẹ́ ohun àtọwọ́dá ni wọ́n fi sábẹ́ awọ, 30468 ni, láti 2021.

Kóòdù àìsàn náà ṣe pàtàkì gan-an. J34.2 ni ti ògiri tó wọ́. Láti oṣù kẹwàá 2024, ẹnu ọ̀nà èémí tó ń wó ti ní ìdílé J34.82, ṣùgbọ́n kò tíì pé bẹ́ẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ti inú ni tàbí ti ìta, bóyá ó wó síbẹ̀ ni tàbí ó ń wó nígbà tí aláìsàn bá fa èémí. Tí ìwé kò bá sọ èyí, adójútòfò lè pè é ní iṣẹ́ ẹwà, aláìsàn ló sì máa san án. Ìyẹn dùn mí gan-an.

Bí ìwé bá dákẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà, ẹ má méfò. Aago 8 òwúrọ̀ New York jẹ́ aago 1 ọ̀sán l'Ákùúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago 2 nígbà òtútù wọn.