Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Orúnkún Mi Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Aṣòfin

Ọdún 2025 ti ń palẹ̀ mọ́, èmi náà sì ti mú bírò. Ní ti iṣẹ́, ọpẹ́ ni. Àbíkẹ́yìn mi wọ yunifásítì, ilé ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Orúnkún àti ìṣèlú ló gba ọdún yìí lọ́wọ́ mi, èmi tí mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n bá ti dárúkọ àwọn aṣòfin.

Dókítà tó pààrọ̀ orúnkún òsì mi lọ́dún tó kọjá ló dá a sílẹ̀. Ó ní àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun fẹ́ mú àwọn aláìsàn dání lọ bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington, nítorí owó ìwádìí lórí eegun àti oríkèé. Mo bi í pé kí lèmi fẹ́ lọ sọ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo lọ, wọ́n á ní àpò ara mi ni mò ń jà fún. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bó ṣe ń dunni." Ó kúkú jóòótọ́.

Lábẹ́ NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ka kan wà tó ń jẹ́ NIAMS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1986. Òun ló ń rí sí eegun, oríkèé, iṣan àti awọ ara. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 685 dọ́là ló ń rí gbà lọ́dún. Ti ẹ̀ka jẹjẹrẹ lé ní bílíọ̀nù 7. Mi ò bá àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ du owó o. Ó ti mú nínú àwọn èèyàn tèmi náà lọ. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.71 èèyàn ni àrùn eegun, oríkèé tàbí iṣan ń dà láàmú kárí ayé. Àìsàn tiwa kì í sáré pani, ohun tó sì kó bá wa gan-an nìyẹn. Ẹni tí orúnkún ń ro á tiro lọ síbi iṣẹ́, á gbé oògùn mì, á fọwọ́ ti ògiri gun àtẹ̀gùn. Ta ló máa pe ìyẹn ní pàjáwìrì?

Ti ọdún yìí wá le sí i. Nínú àbá ìṣúná 2026, ààrẹ Amẹ́ríkà fẹ́ gé owó NIH láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 47 dọ́là sí bíi 27.5, kí wọ́n sì kó ẹ̀ka 27 pọ̀ di 8. Ìyẹn ni pé wọ́n á po NIAMS mọ́ ti ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, mọ́ ti àtọ̀gbẹ àti kíndìnrín. A ò wá lè máa bẹ̀bẹ̀ fún àfikún mọ́. Kí wọ́n má gba èyí tó wà nílẹ̀ la ń bẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ tá a lọ. Obìnrin kan wà nínú wa tó jẹ́ pé irin ló wà ní ìbàdí rẹ̀ méjèèjì. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ aṣọ́bodè pariwo bí ẹni pé ó gbé ìbọn wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Rayburn, níbi tí ọ́fíìsì àwọn aṣojú-ṣòfin wà, gùn, ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, àwọn ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ sì wà lódìkejì Capitol, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, pátápátá. Àwọn tí wọ́n wá ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀.

Aṣòfin fúnra rẹ̀ kì í sábà sí níkàlẹ̀. Àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń dáni lóhùn, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Dókítà mi yọ orúnkún onírin kan nínú báàgì, ó gbé e lé ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé pé ike tó wà láàárín irin yìí máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láyé àtijọ́. Lúbúlúbú tó bá já lára rẹ̀ á mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eegun tó yí i ká, irin á máa mì, wọ́n á sì tún aláìsàn là. Ìwádìí ló mú ike tó lágbára ju ìyẹn lọ jáde. Ọmọkùnrin náà ṣíwọ́ títẹ kọ̀ǹpútà, ó yíjú sí mi: "Ọdún mélòó ni tiyín máa lò?" Mo ní ohun tí mo wá bá ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù: "Kí lẹ fẹ́ kí ọ̀gá mi ṣe gan-an?" Ìrora nìkan ò dáhùn ìyẹn. Iye owó lèèyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ, àti àbádòfin ìṣúná tí owó náà wà nínú rẹ̀, èyí tó pa iṣẹ́, ìlera àti ẹ̀kọ́ pọ̀.

Lọ́jọ́ 31 oṣù keje, ìgbìmọ̀ ìṣúná ilé aṣòfin àgbà kọ gígé yẹn, wọ́n tiẹ̀ fi bíi mílíọ̀nù 400 kún ti NIH. Mi ò ní sọ pé àwa la ṣe é; àwọn yunifásítì àti oríṣiríṣi aláìsàn ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Kò pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi tilẹ̀kùn nítorí pé àwọn aṣòfin ò fohùn ṣọ̀kan lórí ìṣúná, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá di ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá. Nígbà tí wọ́n ṣí i, àbádòfin ìṣúná mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ sí. Tiwa ò sí níbẹ̀. Owó ìgbà díẹ̀ ló ń gbé e títí di ọjọ́ 30 oṣù kìíní 2026.

Mo kọ̀wé sí ọmọkùnrin yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti kúrò ní ọ́fíìsì náà. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ò tíì gbọ́ NIAMS rí, àmọ́ ó fún wa láyè lórí fóònù nínú oṣù kìíní, kí ọjọ́ 30 tó pé. Dókítà mi ní òun á fi orúnkún onírin yẹn ránṣẹ́ sí i ṣáájú.