Píánò Ilé Ìyá

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ Process, àwo orin tí Sampha, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2017. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni mo sì ń dá a padà sí: “(No One Knows Me) Like the Piano”, orin tó kọ nípa píánò ilé ìyá rẹ̀.

Morden, ní gúúsù London, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Sierra Leone ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin márùn-ún. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé píánò wọlé. Jẹjẹrẹ pa bàbá ní 1998. Jẹjẹrẹ náà ló tún mú ìyá lọ ní 2015, lẹ́yìn tí ọmọ ti padà sílé wá tọ́jú rẹ̀.

Nínú “Blood on Me”, orin mìíràn nínú àwo náà, ìbẹ̀rù ń lé e kiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Orin píánò yìí kò sáré rárá. Ohùn rẹ̀ fẹ́ há, kò há. Píánò ń dúró dè é, ó ń fún un láyè kó mí.

Ẹkún ìyàwó ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, á tọrọ ìre, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ ewì kò ní já lẹ́nu rẹ̀. Ti Sampha ló wá yí padà: ìyá ló lọ, ọmọ ló kù nílé. Ta ni kó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó kọjú sí píánò, nítorí pé òun ló kù tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ibẹ̀ ni omi ti máa ń bọ́ lójú tèmi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Process gba Mercury Prize, ẹ̀bùn ọdọọdún fún àwo orin tó dára jù láti Britain tàbí Ireland, bẹ́ẹ̀ àwọn gbajúmọ̀ olórin bíi Ed Sheeran àti Stormzy wà lára àwọn tí wọ́n jọ du ú. Ó tọ́ sí i.

Àbúrò mi ní irú orin yìí máa ń mú ọkàn òun wúwo. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ ni mò ń gbọ́ níbẹ̀. Lọ́la, Lahai ló kàn, àwo tó ṣe ní 2023. Orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ ni, òun náà ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa jáde, Sampha fúnra rẹ̀ ti di bàbá ọmọ.