Kìnìún òkun Kalifọ́níà, wọ́n pọ̀, wọ́n tún dín kù

Wọ́n fẹ́ẹ̀ pa àwọn kìnìún òkun Kalifọ́níà, ẹranko tó ń gbé inú òkun àti etí òkun, tán nígbà kan o, epo ara wọn ni wọ́n ń wá, àti awọ, kódà irun imú wọn, wọ́n ń tà á fáwọn tó ń mu páìpù kí wọ́n máa fi nu inú ẹ̀, ẹ ò rí ayé! Ọdún 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin tó ń dáàbò bò wọ́n. Ní 1975 wọ́n tó bíi 89,000, nígbà tó máa fi di 2012 wọ́n ti lé ní 300,000.

Àwọn tó ti dàgbà lára wọn ò ṣeé kà dáadáa, torí báwọn kan ṣe wà lórí ilẹ̀ làwọn kan wà nínú omi, ọmọ tuntun ni wọ́n ń kà, wọ́n á wá fìyẹn ṣírò gbogbo ẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn.

Àmọ́ ní 2013 nǹkan yí. Ẹja sàdíìnì dín kù nítòsí erékùṣù San Miguel ní Kalifọ́níà níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń bímọ, nígbà tó yá omi tún gbóná. Ìyá á lọ wá oúnjẹ fọ́jọ́ mélòó kan, á padà dé, á máa ké pe ọmọ ẹ̀ láàárín èrò, á gbóòórùn ẹ̀ kó tó fún un lọ́mú, ṣùgbọ́n wàrà ò tó. Àwọn ọmọ rù kan eegun, òkun ń gbé wọn jù sétí omi. Ní 2014 wọ́n ti wálẹ̀ sí bíi 257,000.

Ní 2024 ṣá, wọ́n ya bo Pier 39, èbúté kan ní San Francisco, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, ẹja ló pọ̀ nítòsí ibẹ̀.